Àìsàn kọlu èrò nínú bàálù, ilẹ̀ sì jìnnà: kí ni ká ṣe, kí ni ká má ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Ìjẹ̀ṣà · Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà. Oṣù tó ń bọ̀ ni èmi àti màmá ọkọ mi máa wọ bàálù láti Èkó lọ sí Atlanta, ìrìn bíi wákàtí 12 láìbalẹ̀ níbì kankan. Màmá ti pé ẹni ọdún 71. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, Yorùbá nìkan ni wọ́n sì gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣùgbọ́n inú wọ́ọ̀dù ni mo ti mọ iṣẹ́ mi, mi ò mọ ohun tó wà lókè ọ̀hún. Bí ara wọn bá yí padà níbẹ̀, kí ni mo lè rí lò? Bí wọ́n bá sì ké sí ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú nítorí èrò mìíràn, ṣé kí n dìde? Wọ́n ní bí aláìsàn bá kú síni lọ́wọ́, wọ́n lè gbéni lọ ilé ẹjọ́ lọ́hùn-ún.

Akin_Lágere · 7:15 àárọ̀

Ẹ dìde o, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bó bá ti le, ẹ sọ fún páílọ́ọ̀tì pé kó balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú tó sún mọ́ jù. Bí Màmá ò bá rí èémí mí dáadáa, ìbòjú ọ́síjìn wà lókè orí gbogbo ìjókòó, ẹ fà á wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Inú_Bàálù · 8:02 àárọ̀

Akin, o ṣe é tinútinú, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ inú bàálù ni mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà gbára lé e.

Ìgbà tí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá tú jáde lójijì ni ìbòjú tó wà lókè orí wà fún. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù, kẹ́míkà ló ń ṣe ọ́síjìn rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ṣe é pa mọ́, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 sí 22 lọ kó tó tán. Kì í ṣe ohun tí èrò ń fà. Ọ́síjìn aláìsàn wà nínú sìlíńdà kékeré tí òṣìṣẹ́ inú bàálù máa gbé wá. Ìwọ̀n méjì ló sábà ń ní: lítà 2 àti lítà 4 ní ìṣẹ́jú kan. Sìlíńdà náà níye, nítorí náà bí ara bá ti rọ aláìsàn lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dín in kù sí 2.

Ní ti ìbalẹ̀, dókítà kì í pàṣẹ rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà kì í pàṣẹ rẹ̀. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì nìkan ló láṣẹ yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ní dókítà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ rédíò tàbí fóònù sátẹ́láìtì, àwọn yẹn ló ń gba páílọ́ọ̀tì nímọ̀ràn. Yóò ro ìwúwo epo tó ṣẹ́ kù, ojú ọjọ́, bí ọ̀nà ìbalẹ̀ ṣe gùn tó, àti bóyá ilé ìwòsàn tó kápá àìsàn náà wà nílùú yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí pápákọ̀ bá tilẹ̀ wà lábẹ́ bàálù gan-an, ó lè gba ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí bàálù tó wà ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà tó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ní ọ̀nà Atlanta yẹn, Dakar wà, erékùṣù Sal ní Cape Verde wà; bí ẹ bá ti kọjá ibẹ̀, omi òkun lásán ni fún wákàtí púpọ̀ kí ẹ tó kan Bermuda. Ohun tí ẹ bá ṣe láàárín àkókò yẹn ló ṣe pàtàkì.

Bí wọ́n bá kéde, ẹ tẹ aago ìpè tó wà lókè ìjókòó yín, ẹ sọ pé nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mú káàdì iṣẹ́ yín dání. Wọ́n lè béèrè fún un. Ẹni tó bá ti mu ọtí, kó jókòó.

Dókítà_Ọ̀nà_Ìbàdàn · 9:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kúrò nílẹ̀. Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 1998 tó dáàbò bo ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti tọ́jú èrò nínú bàálù, àyàfi bó bá hùwà àìbìkítà tó burú jáì tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣeni níbi. Ẹ ṣe ohun tí iṣẹ́ yín kọ́ yín, ẹ má ṣe ohun tí ẹ kò kọ́ rí, ẹ má sì gba owó.

Ní ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 lórí ìpè àìsàn 11,920 láti ilé iṣẹ́ bàálù márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìrìnàjò bàálù 604 ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ ń wáyé. Ìdákú àti òòyì tó fẹ́ dáni kú ló pọ̀ jù, 37.4%, ìṣòro èémí 12.1%, èébì àti inú ríru 9.5%. Bàálù tó yà balẹ̀ nítorí rẹ̀ kò ju 7.3% lọ. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń parí sínú bàálù náà.

Kí ló ń fà á tí ìdákú fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ inú bàálù kì í ṣe ti Iléṣà. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ débi tó fi dà bíi pé ẹ jókòó sórí òkè tó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó jẹ́ 98% nílẹ̀, lè wá sí àárín 90% sí 95% lókè. Nítorí náà bí ẹ bá fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ sí Màmá ní ìka ọwọ́, tó fi 92 hàn, tí èémí wọn sì lọ geere, ẹ má bẹ̀rù. Afẹ́fẹ́ náà tún gbẹ gan-an. Ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn lọ síbẹ̀. Ẹ wá fi ti àwọn ará wa kún un: wọ́n jí ní òru ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, wọ́n gba ọ̀nà Ìbàdàn dé Èkó, wọn ò mu omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, wọ́n sì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì lórí òfo. Ara wọn ti gbẹ kí wọ́n tó fi ojú kan bàálù. Ohun tó fa ìdákú yẹn ti bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà.

Ẹni tó bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sórí àpò tàbí apá ìjókòó, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má gbé e jókòó. Àṣìṣe tí mo mọ̀ mọ àwa Yorùbá nìyẹn, a fẹ́ gbé ẹni tó dákú dìde kíákíá, a fẹ́ da omi sí i lójú. Ọpọlọ ló ń wá ẹ̀jẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ló sì ń mú ẹ̀jẹ̀ débẹ̀. Ọ̀pọ̀ á lajú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá ti mọ ara rẹ̀ dáadáa, ẹ fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá lajú, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, ìyẹn ti kúrò ní ìdákú lásán.

Ní ti àpótí: láti oṣù kẹrin 2004 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí bàálù èrò ńlá ní AED (ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jí ọkàn tó dáwọ́ dúró) àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Inú àpótí náà ni ẹ ti máa rí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá, stethoscope tí a fi ń gbọ́ ìlù ọkàn, Ambu bag (àpò tí a ń fọwọ́ tẹ̀ láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú aláìsàn) pẹ̀lú ìbòjú 3, dríìpù 500 ml ẹyọ kan, aspirin 325 mg hóró 4, nitroglycerin 0.4 mg hóró 10, inhaler kan, dextrose 50% tó jẹ́ 50 ml ẹyọ kan, adrenaline, atropine (fún ọkàn tó ń lù lọ́ra jù), oògùn ara yíyún ti mímu àti ti abẹ́rẹ́. Ohun tí kò sí lára dandan: ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà wò, àti oògùn gìrì. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń fi wọ́n kún un, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹ mú ẹ̀rọ ṣúgà Màmá sínú àpò ọwọ́, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí lórí rẹ̀, tó pọ̀ tó.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ìmọ̀ · 10:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Dókítà. Bó bá wá jẹ́ gìrì ńkọ́? Ṣíbí ni wọ́n ń fi sáàárín eyín kí ó má baà gé ahọ́n jẹ.

Dókítà_Ọ̀nà_Ìbàdàn · 10:31 àárọ̀

Rárá o, Ìyá wa. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe ṣíbí tàbí ìka. Ṣíbí ń dá eyín, eyín náà á sì bọ́ sí ọ̀nà èémí. Ẹ wo aago nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí sí i lórí, ẹ kó ohun líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má dì í mú. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ó lajú, ẹ jẹ́ kí páílọ́ọ̀tì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ ń fa gìrì.

Akin_Lágere · 10:48 àárọ̀

Mo gba ìbáwí ti ìbòjú yẹn o. Ìyẹn aspirin tó wà nínú àpótí, ṣé òun náà ni wọ́n máa fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù? Mo ṣáà gbọ́ pé ó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì.

Apòògùn_Sábó · 11:25 àárọ̀

Akin, ibi tí ewu wà gan-an lo fọwọ́ bà yẹn. Rọpárọsẹ̀ oríṣi méjì ló wà: èyí tí ẹ̀jẹ̀ dí ọ̀nà, àti èyí tí iṣan bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ. Wọ́n jọra lójú. Ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ nílé ìwòsàn nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fún ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́ ní aspirin, ẹ̀jẹ̀ náà á máa dà sí i. Nínú bàálù, ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá kan kò gbé sókè mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́: ẹ má fún un ní aspirin, ẹ má fún un lóúnjẹ tàbí omi, ẹ kọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ yẹ ṣúgà wò. Ṣúgà tó já wálẹ̀ lè fara jọ rọpárọsẹ̀ pátápátá, òun sì ni ẹ lè wò sàn lójú ẹsẹ̀.

Àyà dídùn ni aspirin wà fún. Hóró 325 mg kan, kó jẹ ẹ́ lẹ́nu, kó má gbé e mì ní odindi, bí kò bá ní ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí ara rẹ̀ kì í kọ aspirin. Nitroglycerin ń lọ sábẹ́ ahọ́n, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ. Ẹ kọ́kọ́ wọn ìfúnpá: bí nọ́ńbà òkè kò bá ju 100 lọ, ẹ má fún un. Ẹ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ọkùnrin léèrè, kí ará ìjókòó kejì má gbọ́, bóyá ó lo oògùn agbára ọkùnrin. Ti Viagra, wákàtí 24. Ti Cialis, wákàtí 48. Bó bá lò ó láàárín ìgbà yẹn, nitroglycerin lè já ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ débi ikú. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ béèrè.

Dókítà sọ "adrenaline" lásán, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Oríṣi méjì ló wà nínú àpótí yẹn, wọ́n sì jọra. Èyí tí wọ́n kọ 1:1000 sí lára, 1 mg ló wà nínú 1 ml. Òun ni fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ tàbí oògùn, tí ọ̀fun ń wú, tí èémí ń gé: àgbàlagbà, 0.3 sí 0.5 ml, sínú iṣan ẹran ẹ̀gbẹ́ itan lápá òde. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 sí 15. Èyí tí wọ́n kọ 1:10,000 sí, ìlọ́po mẹ́wàá ló fi fúyẹ́ sí i, ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ dúró ni, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Ẹ ka ara ìgò náà sókè sí etí ẹnìkejì kí ẹ tó fà á.

Dókítà_Ọ̀nà_Ìbàdàn · 11:40 àárọ̀

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, Apòògùn. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìjẹ̀ṣà · 12:30 ọ̀sán

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìbéèrè tó kù: ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn ńkọ́, ṣé stethoscope á gbọ́ nǹkan kan? Bí ọkàn ẹnìkan bá sì dáwọ́ dúró, níbo ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ sí láàárín ìjókòó?

Ẹ̀gbọ́n_Inú_Bàálù · 12:52 ọ̀sán

Ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan tó jọjú. Ẹ fi ọwọ́ mọ iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ̀rọ náà títí iṣan yóò fi dákẹ́, kí ẹ wá máa tú u díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà tí iṣan bá ti padà lù ni ìfúnpá òkè. Ti ìsàlẹ̀ kò ní yọ, kò sì pọn dandan.

Ti kíkúnlẹ̀: ẹ wọ́ aláìsàn lọ sí ilé ìdáná bàálù tàbí iwájú ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló fẹ̀ jù. Ìdúró láàárín ìjókòó ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Dókítà_Ọ̀nà_Ìbàdàn · 1:10 ọ̀sán

Mo yà díẹ̀ sí ti Ẹ̀gbọ́n. Bí ilé ìdáná bá wà ní ìjókòó mélòó kan síbẹ̀, ẹ wọ́ ọ lọ. Bó bá jìnnà, tó sì jẹ́ pé ènìyàn ńlá ni, ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń wọ́ ọ kiri ni ọpọlọ rẹ̀ fi ń kú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà àárín ìjókòó gan-an: ẹ kúnlẹ̀ sí ìhà orí rẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ sí àárín àyà rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ọgbọ̀n ìtẹ̀ sí èémí méjì. Ẹ pààrọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì méjì, nítorí ọwọ́ ń rọ kí ẹni náà tó mọ̀. Ẹlòmíràn á máa lẹ AED mọ́ ọn. Ẹ nu òógùn àyà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dì mú. Nígbà tó bá ní kí gbogbo ènìyàn fi aláìsàn sílẹ̀, kí ọwọ́ kankan má kan án.

Ẹ̀gbọ́n_Inú_Bàálù · 1:22 ọ̀sán

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ṣáà ti kó èrò ìlà méjì tó yí i ká kúrò, kí ààyè lè wà.

Ọmọ_Ọwá · 2:05 ọ̀sán

Ẹ dá mi lóhùn lórí kinní kan. Ṣé kí wọ́n sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù ṣáájú pé Màmá ní àìsàn? Ó yẹ kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n má baà dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n_Inú_Bàálù · 2:19 ọ̀sán

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí oògùn ti kápá kò nílò ìyọ̀ǹda kankan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwòsàn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí tó máa lo ọ́síjìn nínú bàálù ni dókítà rẹ̀ máa ń kún fọ́ọ̀mù MEDIF fún. Ẹni tó bá fi irú èyí pamọ́, ara rẹ̀ ló fi sínú ewu. Bí ara rẹ̀ bá sì ti dàrú hàn lẹ́nu ọ̀nà, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á dá a padà.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ìmọ̀ · 2:40 ọ̀sán

Àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́, ṣé wọ́n lè wọ̀ ọ́?

Dókítà_Ọ̀nà_Ìbàdàn · 2:58 ọ̀sán

Wọ́n lè wọ̀ ọ́, bí ìrora rẹ̀ kò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Kí ó tó ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí ìrora bá lọ. Ọ́síjìn tó kéré àti ara gbígbẹ ni ohun tó ń jí i, méjèèjì sì wà nínú bàálù, nítorí náà omi, aṣọ òtútù, kí ẹ sì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ọ́síjìn. AS kò ní ìṣòro nínú bàálù èrò.

Apòògùn_Sábó · 4:10 ìrọ̀lẹ́

Nọ́ọ̀sì, oògùn Màmá. Ẹ má jẹ́ kó bá èlùbọ́ àti gààrí lọ sínú báàgì tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Báàgì ń sọnù, ìnsúlìn sì lè dì níbẹ̀, bó bá ti dì ó ti bàjẹ́. Inú àpò ọwọ́, nínú páálí tó bá a wá láti ilé oògùn, kí orúkọ oògùn gan-an hàn.

Bí ìnsúlìn ni wọ́n ń lò: Atlanta fi wákàtí 5 tàbí 6 sẹ́yìn Èkó, gẹ́gẹ́ bí àsìkò ọdún. Ọjọ́ yẹn á gùn ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi aago ọwọ́ kan sí àkókò Èkó títí ẹ ó fi balẹ̀, kí dókítà wọn nílé ìwòsàn kọ ìwọ̀n tí wọ́n á gbà sínú ìwé kí ẹ tó kúrò ní Iléṣà. Ẹ má gún ìnsúlìn oúnjẹ kí oúnjẹ tó wà níwájú wọn. Mìmì ojú ọ̀run lè dá oúnjẹ dúró fún wákàtí kan.

Bí ṣúgà wọn bá já, tí wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì: ṣúgà ṣíbí kékeré 4 nínú omi, tàbí 150 ml omi ọsàn, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n wá jẹ búrẹ́dì. Bí wọn kò bá mọ ara wọn mọ́, ẹ má da nǹkan sí wọn lẹ́nu. Dextrose inú àpótí yẹn ló kàn, 25 g ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé abẹ́rẹ́ náà wà nínú iṣan tó dára, nítorí bó bá jò sábẹ́ awọ, ó ń jẹ ẹran ara.

Ọmọ_Ọwá · 5:35 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, mo yí ohùn mi padà. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe, ibẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín dé, torí kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá lẹ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún àjèjì. Bí wọ́n bá ní "àyà mi ń já," kì í ṣe ìrora ni wọ́n ń sọ: ọkàn wọn ń lù kìkì tàbí ẹ̀rù ń bà wọ́n. "Àyà ń dùn mí" ni ìrora. "Àyà ń ta mí" lè jẹ́ oúnjẹ tó ń gòkè. "Òòyì ń kọ́ mi" ni pé ilé ń yí wọn po. "Ojú mi ṣú" ni pé wọ́n fẹ́ dákú. Dókítà orí ilẹ̀ tó wà lẹ́nu rédíò kò rí Màmá, ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu yín jáde nìkan ló ní. Ẹ má sọ gbogbo rẹ̀ di "chest pain". Àwọn àgbàlagbà wa a sì máa ní "kò sí nǹkan kan" kí wọ́n má baà yọ èèyàn lẹ́nu. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka síbi tó ń dùn wọ́n.

Ẹ kọ ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé kan péré: orúkọ, ọjọ́ orí, àìsàn, oògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti àkókò rẹ̀, ohun tí ara wọn kọ̀, ìfúnpá tí wọ́n sábà ń ní. Ẹ so ó mọ́ pásípọ́ọ̀tù Màmá fúnra wọn, kó má wà lọ́wọ́ yín, torí ẹ̀yin náà lè sùn.

Nọ́ọ̀sì_Ìjẹ̀ṣà · 8:14 alẹ́

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà. Ẹ jọ̀ọ́, ìjókòó wo ni kí n gbà fún wọn?

Ẹ̀gbọ́n_Inú_Bàálù · 8:30 alẹ́

Èyí tó wà létí ọ̀nà, nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n lè máa dìde rìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì ní ẹsẹ̀ wọn, kí ìtọ̀ sì má baà mú wọn sá fún omi mímu. Ẹ yẹra fún ìlà ẹnu ọ̀nà àbájáde pàjáwìrì, wọn kò ní gba Màmá níbẹ̀. Bí ẹ bá ti wọlé tán, kí bàálù tó gbéra, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìhà yín, ẹ sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ni yín, pé ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.